Bàbà fún ọtí bàbà: bí mo ṣe ká páìpù tó ń mú omi ọkà tutù

Bàbà ni Yorùbá ń pe ọkà tí mo fi ń pọn ọtí. Bàbà náà la sì ń pe irin pupa tí wọ́n fi ń ṣe páìpù fíríìjì. Ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé ó yẹ kí àwọn méjèèjì pàdé nínú ìkòkò kan. Wọ́n ti pàdé báyìí, àmọ́ ìgbà mẹ́ta ni mo se ọtí kí ìpàdé náà tó lójú, mo sì fi ìgbà méjì àkọ́kọ́ jẹ gbèsè.

Adó-Èkìtì ni mò ń gbé, lọ́nà Baṣírì, ẹ̀kọ́ físíìsì ni mo sì fi ń jẹun ní iléèwé girama. Lítà 20 ni mò ń pọn lẹ́ẹ̀kan, fún ara mi àti àwọn ọ̀rẹ́ tó bá yà wá. Màá rẹ ọkà bàbà, màá mú un hù, màá sá a, màá wá gbọn gbòǹgbò àti èéhù rẹ̀ dànù. Ẹ má fojú di gbígbọ̀n yìí o, májèlé wà nínú èéhù ọkà bàbà. Lẹ́yìn náà ni ilé ẹ̀rọ yóò bá mi lọ̀ ọ́, kó má kúná jù. Mi ò ní rí hops (òdòdó kíkorò tí wọ́n fi ń pọn bíà) rà nítòsí, ewúro gbígbẹ ni mò ń lò fún kíkorò. Díẹ̀ ni o. Ẹni tó bá da ewúro sí i bí ẹni ń se ọbẹ̀ yóò mu àgbo.

Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín pé báálì ni wọ́n ń fi pọn bíà, kì í ṣe ọkà bàbà. Mo máa ń rán wọn létí pé ní 1988, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó báálì tí wọ́n ti mú hù wọ Nàìjíríà, ọkà bàbà àti àgbàdo sì ni àwọn iléeṣẹ́ ọtí ńláńlá sá tọ̀. Ohun tí wọ́n fi agídí kọ́ nígbà náà, àwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n látọjọ́ aláyé ti dáyé.

Ìyá ìyá mi pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ títí ó fi darúgbó, kò fi páìpù tu nǹkan kan rí. Yóò gbé e sínú ìkòkò amọ̀, yóò dé e, ó di ọ̀la. Kíkan wà lára adùn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, tí kò bá kan, a jẹ́ pé kò tíì jinná nìyẹn. Èmi ni mo lọ fẹ́ ọtí tí kì í kan, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Omi ọkà (omi dídùn tí mo sè jáde lára ọkà lílọ̀ náà) tó bá ń hó kò ní ọ̀tá, kòkòrò wo ló fẹ́ gbénú ẹ̀? Ìgbà tó bá ń tutù bọ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́. Ẹ ò lè da yíìsì, ohun tó ń sọ omi ọkà di ọtí, sí omi gbígbóná, yóò kú. Ẹ gbọ́dọ̀ dúró kó tutù. Àmọ́ bí ẹ ṣe ń dúró náà ni àwọn kòkòrò tó ń sọ nǹkan di kíkan ń dúró, oúnjẹ dídùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló sì wà níwájú wọn yẹn. Lítà 20 tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lálẹ́ oṣù Ẹrẹ́nà níbí, ilẹ̀ á mọ́ bá a ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣí ìdérí láàárọ̀, òórùn omidùn ògì ló kí mi káàárọ̀.

Páìpù

Páìpù bàbà tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ògiri ni mo lọ wá, oníwọ̀n ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ íńṣì (tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní tírì-éètì). Ká-ká ni wọ́n ń tà á, ẹsẹ̀ bàtà 50, ìyẹn bíi mítà 15. Ọ̀gá kan wà ní Ìjigbò tó ń tún fíríìjì ṣe, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbà lọ.

“Tíṣà, AC wo lẹ fẹ́ fi gbogbo èyí sí?”

“Kì í ṣe AC, ọ̀gá. Ọtí ni.”

Ó wò mí títí. Mo ṣàlàyé fún un pé inú omi gbígbóná ni mo fẹ́ kí páìpù wà, kí omi tútù máa gba inú páìpù kọjá, kó máa kó ooru jáde. Ó ní, “Há! Fíríìjì náà kúkú ni. Gáàsì nìkan ni kò sí níbẹ̀.” Ó sì tọ̀nà. Inú ọgbọ́n orí tirẹ̀ ló ti fà á yọ, mi ò ní láti ṣí ìwé fún un.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ tà mí ní èyí tó tú lára ẹ̀rọ àtijọ́ kan, pé yóò dín owó. Mo kọ̀. Òróró kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti gba inú irú páìpù bẹ́ẹ̀ kọjá fún ọdún gbọọrọ, wọ́n sì ti jó o pọ̀ ní oríṣiríṣi ojú ibi. Ohun tí mo fẹ́ tì bọ inú nǹkan tí mo máa mu, mi ò ní fi ṣe ẹ̀dínwó. Nítorí náà tuntun ni mo rà, tí ọ̀rá dídí ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ méjèèjì. Mo tún pinnu pé ojú jíjó kankan ò ní sí lára rẹ̀: ẹyọ páìpù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí òjé, kò sí ohun tó jọ òjé.

Ẹnì kan bi mí pé kí ló dé tí mi ò lo páìpù irin tí kì í dípẹtà. Ó ṣeé lò. Àmọ́ bàbà ń gbé ooru kọjá bíi ìlọ́po 25 ju irin yẹn lọ, ó tún rọ̀ débi pé ọwọ́ lásán lè tẹ̀ ẹ́.

Kíká

Ìkòkò ìnáwó kan tí Màámi fún mi ni mo fi ń se ọtí. Inú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 36. Lítà 20 omi gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 20 nínú rẹ̀. Mo wá ohun róbótó tó kéré sí i, sílíńdà gáàsì kílò 12 àbọ̀ tó ti tán ni mo rí, ìwọ̀n ìdábùú rẹ̀ sún mọ́ 30. Mo dùbúlẹ̀ rẹ̀ sórí àkísà ní àgbàlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó lé e kó má yí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká páìpù mọ́ ọn.

Kíká yìí rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ. Àṣírí rẹ̀ ni pé kí ẹ má fa páìpù. Sílíńdà ni kí ẹ máa yí, kí páìpù máa tẹ̀ lé e bí okùn tó ń wọ̀ lára òkòtó. Ìká 13 ló jáde, ó sì ku bíi mítà méjì tí mo pín sí apá méjì, ọ̀kan fún omi tó ń wọlé, ọ̀kan fún omi tó ń jáde. Nígbà tí mo yọ ọ́ lára sílíńdà, ó ta padà díẹ̀, ó fẹ̀ sí i ní ìka kan. Ẹ fi sọ́kàn tí ẹ bá ń wọn ìkòkò yín.

Ibi tí mo ti kan ìjàǹbá ni ọrùn rẹ̀. Mo fẹ́ tẹ apá tó ń jáde kó dúró ṣánṣán, mo fi orúnkún tì í, mo fà á. Mo gbọ́ “kẹ́”. Páìpù fún lọ́fun, ó rí pẹlẹbẹ bí ahọ́n ewúrẹ́. Mo fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, atẹ́gùn ń gbà á kọjá tipátipá. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí irú ibẹ̀ yẹn ju kí ẹ gé e lọ. Mo padà sí Ìjigbò pẹ̀lú ìtìjú, ọ̀gá náà fi sípíríǹgì gígùn kan hàn mí, èyí tí wọ́n máa ń kì bọ ara páìpù níta kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Sípíríǹgì náà ló ń di ara páìpù mú yíká kó má lè wó. Ó yá mi fún ọjọ́ kan. “Ẹ dá a padà o, Tíṣà. Ọmọọṣẹ́ mi ti sọ méjì nù.”

Láti jẹ́ kí ìká kọ̀ọ̀kan jìnnà sí èkejì, mo bó wáyà iná, mo fi bàbà inú rẹ̀ hun ìká náà pọ̀ ní ojú mẹ́ta, bí ìgbà tí wọ́n ń hun ẹní. Ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 18 nígbà tí mo parí, omi ọkà yóò sì bò ó dáadáa.

Páìpù tuntun ní òróró díẹ̀ lára láti ibi tí wọ́n ti fà á. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo wá fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ pa á níta. Àwọ̀ dúdú tó wà lára rẹ̀ ṣí bí ẹni bó ìpẹ́ ẹja, ó pupa fòò. Mo da omi gbígbóná sínú rẹ̀ títí òórùn irin fi lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́: táǹkì orí òpó

Mo rò pé mo gbọ́n. Táǹkì dúdú wà lórí òpó lẹ́yìn ilé, omi rẹ̀ ní agbára, kí ni mo tún ń wá? Mo fi họ́ọ̀sì àti kílíìpù so ẹnu ẹ̀rọ mọ́ páìpù. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú 15 kí sísè parí, mo ti páìpù bọ inú omi ọkà tó ń hó kí ooru pa ohun tó bá wà lára rẹ̀. Mo ti gbàgbé pé omi tí mo fi fọ̀ ọ́ ṣì kù nínú ìká. Omi náà hó nínú páìpù, ó sì tu jáde láti ẹnu rẹ̀ bí ejò tó ń tutọ́, ó bà mí ní apá. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń fẹ́ inú páìpù gbẹ kí n tó tì í bọ ìkòkò, mo sì máa ń kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò sí èèyàn.

Aago méjì ọ̀sán ni mo ṣí omi. Ìṣẹ́jú kan kò pé tí họ́ọ̀sì tó ń gbé omi jáde fi rọ̀ bí ẹ̀bà, ó yọ́ kúrò lẹ́nu páìpù, omi gbígbóná fọ́n ká gbogbo ilẹ̀. Omi tó kọ́kọ́ ń jáde kúkú sún mọ́ híhó, họ́ọ̀sì olówó pọ́ọ́kú ò lè gbà á. Mo lọ gbé họ́ọ̀sì tó nípọn, tó ní òwú nínú, ti àwọn tó ń fọ mọ́tò.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, tẹmómítà ń wálẹ̀ dáadáa: 90, 75, 60. Ó dé 50, ó ń falẹ̀. Ó dé 44, ó dúró síbẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ti lọ. Mo fọwọ́ kan omi tó ń bọ̀ láti táǹkì, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo wọ̀n ọ́n: 36°C.

Mo jókòó sórí àpótí, mo ń fi ara mi rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ooru kì í ṣàn lọ síbi tó gbóná jù ú lọ! Páìpù kì í tu nǹkan kan. Omi inú rẹ̀ ló ń tu nǹkan, kò sì sí bí ohun tó wà níta ṣe máa tutù ju omi náà lọ, ẹ báà ká mítà ọgọ́rùn-ún. Oòrùn Èkìtì ti jókòó lé táǹkì dúdú láti àárọ̀, èmi ń fi omi ìwẹ̀ tu omi ọkà. Gbogbo owó tí mo kó lé bàbà lórí, orí omi ló yẹ kí n ti kọ́kọ́ ronú.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo tó da yíìsì sí i. Ó ṣe ọtí, ó sì tún kan díẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mu ún, wọ́n ní ó dára. Ọ̀fẹ́ ni.

Ìgbà kejì: kànga

Omi kànga wa jìn, kì í mọ oòrùn. Mo fi ìfami fà á, mo wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀: 27°C, ní ọ̀sán gan-gan. Ìwọ̀n mẹ́sàn-án ló fi tutù ju ti táǹkì lọ. Dírọ́ọ̀mù oníke aláwọ̀ búlúù kan wà nílé, mo ní kí oníṣẹ́ omi fi ẹnu ẹ̀rọ sí ìdí rẹ̀, mo gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìkòkò wà nísàlẹ̀ ní àgbàlá. Bíi mítà mẹ́ta ló fi ga ju ìkòkò lọ. Mi ò nílò iná, mi ò nílò ẹ̀rọ tó ń fa omi. Lítà mẹ́ta ń ṣàn kọjá ní ìṣẹ́jú kan, mo fi ike wọ̀n ọ́n.

Àárín ìtútù yẹn ni mo rí i tí omi ń kán: tó, tó, tó, láti ibi kílíìpù, tààrà sínú omi ọkà. Mo ti gé ọrùn páìpù kúrú lẹ́yìn ìjàǹbá ọjọ́sí, ojú ibi tí họ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́ sì bọ́ sí òkè ìkòkò gan-an. Omi kànga tí kò hó rí ń kán sínú ohun tí mo fi wákàtí kan sè. Mo sáré gbé ìká náà sókè kí n lè rí ojú rẹ̀, lójijì ni omi tó ń jáde ní ẹnu kejì jó mi lọ́wọ́. Kó tó dìgbà náà, ó ti di lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Mo sọ ọ́ kalẹ̀, ó rọ̀. Mo gbé e, ó gbóná.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé omi ọkà tó fara kan páìpù ti tutù, ó jókòó ti páìpù bí àlejò tí kò fẹ́ lọ, èyí tó gbóná sì wà láàárín ìkòkò, kò ráyè dé ibẹ̀. Ẹ máa mì ín. Ẹ di ọrùn ìká mú, kí ẹ máa gbé e sókè-sódò, kí ẹ máa yí i jẹ́jẹ́. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ju ohun tí mítà márùn-ún bàbà mìíràn lè ṣe fún yín lọ.

Ti omi tó kán yẹn ńkọ́? Lọ́jọ́ kẹfà, awọ funfun kan bo ojú ọtí, ó hunjọ bíi ti wàrà tó tutù. Mo dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ìgbà kẹta

Mo tún ọrùn méjèèjì tẹ̀ pẹ̀lú sípíríǹgì (mo ti lọ yá a lẹ́ẹ̀kejì), mo jẹ́ kí wọ́n gba orí etí ìkòkò kọjá, kí wọ́n sì dojú kọ ilẹ̀ lóde. Báyìí, bí kílíìpù bá tiẹ̀ fẹ́ jò, ilẹ̀ ni yóò jò sí.

Ọ̀rọ̀ 27 tún wà níbẹ̀. Omi kànga nìkan kò lè gbé mi dé 24 tí mo fẹ́. Mo wá ronú sí píọ̀ wọ́tà. Ọ̀rá kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, ìyẹn ìdajì kílò. Mo da mẹ́jọ sínú fíríìsà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, iná sì ṣojú àánú, kò lọ. Mi ò lo yìnyín náà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ìfiṣòfò ni: nígbà tí omi ọkà ṣì wà ní 90, omi kànga lásán ti tó o. Ìkẹyìn ni yìnyín wúlò.

Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́ta la kọ́kọ́ dà sínú dírọ́ọ̀mù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé wọn gòkè, ó ní àfi kí n ra sùyà fún òun. Mo ń mi ìká, ó ń ka aago fún mi. 98 nígbà tí mo ṣí omi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, 74. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 58. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 48. Ogún, 41. Nígbà tí omi kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta fi tán ní ìṣẹ́jú 25, ó ti di 36. A wá fi yìnyín mẹ́jọ pẹ̀lú omi kànga kún kẹ́ẹ̀gì kẹrin, a dúró kí yìnyín yọ́. Mo wọ̀n ọ́n, 11°C. A dà á sí dírọ́ọ̀mù. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré, tẹmómítà bọ́ sí 24.

Mo wo inú ìkòkò. Omi ọkà tó rú bí omi àmàlà ti já sí wẹ́wẹ́, àwọn kókó ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹ̀gúsí tó dì ń rì lọ sísàlẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń mọ́ láàárín wọn, àwọ̀ oyin. Mi ò rí irú ẹ̀ rí nígbà tó bá fi òru tutù. Mo fà á kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, mo da yíìsì sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Láàárọ̀, ó ti ń hó. Òórùn búrẹ́dì ló ń rùn, kì í ṣe omidùn.

Tí ẹ bá ti dé Ìkọ́gòsì rí, ẹ ó ti rí ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn bọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n wá pàdé. Ọlọ́run da tirẹ̀ pọ̀ ni. Èmi ní láti fi ògiri bàbà sí àárín.

Omi tó ń jáde, ẹ má jẹ́ kó ṣòfò, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ gbóná débi tí mo fi ń fọ ìkòkò àti ike ọtí. Màámi, tí ẹnu rẹ̀ kò pe ilé ní nǹkan mìíràn ju ulé lọ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò bìkítà fún ọtí mi, ṣùgbọ́n ó ti ń béèrè ọjọ́ tí mo tún máa se é, torí omi gbígbóná tó fi ń fọ aṣọ rẹ̀.

Ohun tó kù ni ìtọ́jú. Mo máa ń fi omi fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, máa fẹ́ inú rẹ̀ gbẹ, máa fi aṣọ nù ún. Bí àwọ̀ ewé bá yọ lára bàbà, a kì í tì í bọ ohun mímu. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni yóò kọ́kọ́ gbà. Ó wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá àlùbọ́sà tí Màámi so mọ́ ọn. Mo tú u, mo kan ìṣó mìíràn fún àlùbọ́sà.